Ìbéèrè Tí Kò Rí Màmá Mi

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó fẹ́ ṣe dátábéèsì ẹbí, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo wa sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni yàrá kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tún ilé kọ́, wọn ò pè mí. Wọ́n ní ọmọ tí obìnrin ilé bí ni mí, kí n lọ jókòó. Ẹni ìta ni wọ́n háyà.

Ọkùnrin náà mọṣẹ́ o. Ó to ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ bí odindi ènìyàn, pẹ̀lú bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti yàrá rẹ̀, ó sì so wọ́n mọ́ra. Àmọ́ nígbà tó ń kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe máa wá ọmọ ilé, ọ̀nà bàbá sí ọmọkùnrin nìkan ló là fún un. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé àtọkùnrin àtobìnrin ló ń jogún bàbá wọn?

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a péjọ sí àgbàlá. Ọkùnrin náà bi ẹ̀rọ léèrè pé ta ló ni yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga, níbi tí màmá mi ti tọ́ wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ẹ̀rọ ní kò sẹ́ni tó ni ín.

Olórí ẹbí ní, "Kọ̀ǹpútà ti sọ̀rọ̀. Yàrá yẹn ṣófo."

Màmá mi, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọ̀hún, gbójú sókè. "Èmi wá ńkọ́? Ṣé iwin ni mí ni?"

Mo dìde, mo kọjú sí ọkùnrin ẹ̀rọ náà. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi ẹ̀rọ bóyá olórí ẹbí wa jẹ́ ọmọ ilé yìí."

Gbogbo wa la mọ̀ pé ará Ìjẹ̀bú tó ń tajà l'Ókè Àrin ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ọmọ ilé. Ẹ̀rọ wá a tì. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀! Olórí ẹbí ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà kíá.

Mo rò pé wọn yóò la ọ̀nà àwọn obìnrin náà, iṣẹ́ tí kò tó nǹkan. Rárá. Nígbà tí a tún pàdé, wọ́n ti sọ olórí ẹbí di ọmọ bàbá ìyá rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Òun ti wọlé. Ìyá tó bí i ni kò sí nínú ìlà rẹ̀ mọ́, yàrá màmá mi sì ṣófo síbẹ̀. Irú ìwà ọ̀dájú wo nìyẹn!

Màmá mi ò bá wọn jiyàn. Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró.

"Ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà yín," ló wí, "kó wá gbà á lọ́wọ́ mi."