Ìbéèrè Tí Mùíbátù Bi Mánéjà Wa

Òwúrọ̀ Mọ́ńdè kan ni mo dé ẹnu iṣẹ́ tí mo bá ìdajì àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ wa tí wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́. Iná ò lọ o. Àwọn tó yẹ kó wà nídìí ẹ̀rọ ló ti sọdá títì lọ sí kọ́ńpìnnì tuntun tó dojú kọ tiwa.

Owó epo rọ̀bì ti wọ ìgboro nígbà náà. Ní Ìsọlọ̀, ilé iṣẹ́ ń hù bí olú. Lónìí, èèyàn ló ń wá iṣẹ́ kiri. Láyé ìgbà yẹn, iṣẹ́ ló ń wá èèyàn. Aṣọ ìnura ni kọ́ńpìnnì wa ń hun, èmi sì ni akọ̀wé ní ọ́fíìsì tó ń gba èèyàn síṣẹ́. Àǹtí Fọlákẹ́ ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ọmọge ni mo ṣì jẹ́.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, ọmọ Èkìtì ni. Ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó di mánéjà, ìwà ọ̀gá ilé ìwé ò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Olóòótọ́ èèyàn ni, kì í gba rìbá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá iṣẹ́ wá, orí ìdúró ni yóò wà nínú oòrùn títí ọ̀gá yóò fi ráyè tiẹ̀. Bó bá wọlé, ìṣirò ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹni tó bá ṣì í, ó dilé nìyẹn. Mo rántí bàbá kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún hun aṣọ ní Kàdúná. Nígbà tí wọ́n bi í ní ìṣirò, ó wo ọ̀gá títí, ó ní, "Ọ̀gá, mo ti kúrò nílé ìwé tipẹ́. Bàbá mi ló yọ mí." Ó dé fìlà rẹ̀, ó sọdá títì.

Ní Mọ́ńdè tí mò ń sọ yìí, òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ń retí ọjà lọ́dọ̀ wa. Alága tó ni kọ́ńpìnnì ti fi ariwo bo ọ̀gá mi lórí fóònù. Ọ̀gá ní kí n lọ wá èèyàn níbikíbi tí mo bá ti lè rí wọn. Mo gba ibùdókọ̀ Bọ́ládé lọ. Mo dúró láàárín àwọn tó ń kiri búrẹ́dì, mo fi igbe ta: "Iṣẹ́ wà o! Ẹ wá ṣiṣẹ́ o!" Ìyá arúgbó kan rò pé ìwàásù ni mò ń ṣe, ó ní, "Àmín o, ọmọ mi."

Mo rí àwọn mélòó kan kó padà. Ọ̀kan nínú wọn ni Mùíbátù, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kan láti Ṣógúnlé, tí ìyá rẹ̀ ń ta ìkòkò ní Òṣòdì. Kíákíá ni ọ̀gá fẹ́ ṣe é, ó ní kí gbogbo wọn wọlé pọ̀. Mùíbátù ló kọ́kọ́ dojú kọ.

"Méje lọ́nà mẹ́jọ?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, sà."

Inú ọ̀gá dùn. "Ó dáa. O ti ríṣẹ́."

"Ẹ ṣé, sà. Èmi náà ní ìbéèrè kan."

Ọ̀gá gbé ojú sókè. "Ta ló wá iṣẹ́ nínú àwa méjèèjì?"

"Èmi ni, sà. Àmọ́ ẹ̀yin náà ń wá òṣìṣẹ́." Ó kúnlẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, kó má baà dà bí àfojúdi. "Tí mo bá lóyún, ṣé ẹ máa lé mi?"

Òótọ́ ni pé bí ikùn obìnrin bá ti yọ ní kọ́ńpìnnì wa, a ó ní kó máa lọ sílé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn kọ́ńpìnnì tó kù.

"Jáde," ni ọ̀gá wí.

Mùíbátù kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó jáde. Obìnrin kejì dìde tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta náà dìde. Kò pẹ́, ó ku èmi àti ọ̀gá.

Èmi ni mò ń rán àbúrò mi níwèé, n kò sì fẹ́ pàdánù iṣẹ́ mi. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. "Ẹ dárí jì mí, sà. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí ẹ kọ́ nígbà kan ò ríbi lọ, ọ̀dọ̀ yín ni bàbá wọn rán wọn sí. Àwọn wọ̀nyí, títì lásán ni wọ́n máa sọdá. Ìbéèrè tó bi yín, gbogbo wa là ń bi ara wa ní ìdákọ́ńkọ́."

Mo rò pé yóò bú mi. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Tíṣà ni ìyàwó mi," ló wí níkẹyìn. "Nígbà tó lóyún àkọ́bí wa, wọ́n ní kó lọ. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Sáré, pè wọ́n padà."

Mo sáré débi pé bàtà mi kan já sọ́nà. Ẹnu géètì ni mo ti bá wọn, wọ́n ń ra ẹ̀pà. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọ̀gá ò purọ́ fún Mùíbátù. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń lé wọn. Fún mi láyè di ọ̀la kí n bá Alága sọ ọ́."

Ohun tó bá Alága sọ lọ́jọ́ kejì, n kò mọ̀. Mo kàn mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà ní títì pẹ́, ọ̀gá sì jáde pẹ̀lú òógùn lójú. Alága ti gbà: obìnrin tó bá ti bá wa ṣe ọdún kan lè lọ bímọ, kó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ni Mùíbátù, tó ti padà wá gbọ́ èsì, wí. "Ẹ̀rọ tèmi dà?"

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti yí padà. A gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi fún àwọn tó ń wáṣẹ́, a gbé omi tútù síbẹ̀. A jẹ́ kí wọ́n jókòó ti ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà, kí wọ́n fojú ara wọn rí i kí wọ́n tó gbà á. Lẹ́yìn tí ọ̀gá bá bi wọ́n tán, àwọn náà á bi í. Ọmọkùnrin ará Abẹ́òkúta kan béèrè pé, "Sà, ṣé ẹ máa ń rẹ́rìn-ín?" Ọ̀gá lejú mọ́ ọn, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi di tábìlì mú.

Mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹni tó ń wáṣẹ́ bá bi mí léèrè, mo máa ń sọ fún un pé kó lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó sì béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá bi mí, mo máa ń ní kó dáhùn lóòótọ́, kó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ.

Torí mo rí ọjọ́ tó ṣẹ. Mùíbátù ṣe ọdún rẹ̀ pé, ó lóyún, ó lọ bí ọmọbìnrin. Ká ní kọ́ńpìnnì tó dojú kọ wá ló ń bá ṣiṣẹ́ ni, wọn ì bá ti gba ẹlòmíì sípò rẹ̀. Àwa fi òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ di àyè rẹ̀ mú. Ní òwúrọ̀ tó padà, ó sanra, ó ń dán, àwọn obìnrin ẹ̀ka ìhunṣọ sì pàtẹ́wọ́ fún un láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ẹ̀rọ. Àwọn tó wá wáṣẹ́ lọ́jọ́ náà na ọrùn wò. Ọ̀kan bi mí pé ta ni wọ́n ń yẹ́ sí báyìí, ṣé ìyàwó Alága ni.

Ọ̀gá Ajíbóyè ló gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu. "Òṣìṣẹ́ wa ni," ó wí. "Ó lọ bímọ ni, ó ti dé."

Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó sọdá títì.