Fíìmù Tí Kò Ní Áktọ̀

Mo fi eyín méjì tó kù lẹ́nu mi búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ẹran iléyá tó ń bọ̀ le ju eyín náà lọ. Ọ̀rọ̀ Tíṣà Mọ́nsúrátù ni, ọmọ bíbí Ìsọlọ̀, obìnrin tí nǹkan tètè máa ń kó nírìíra ju ológbò tó tẹ omi lọ.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà ni. Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé Módà kan, èyí tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, ní Ìsọlọ̀, ohun tó sì ń rí i lára jù láyé ni ilé sinimá kan tó wà lẹ́bàá rélùwéè ní Òṣòdì. Páànù ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀, ìtọ̀ ni wọ́n fi ṣe lọ́fínńdà rẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń lọ wo òyìnbó orí ẹṣin tó ń yìnbọn pa èèyàn bí ẹni ń tẹ èèrà. Gbogbo fíìmù ló ní áktọ̀, ìyẹn akọni tí ìbọn kì í bà, ó sì ní bọ́ọ́sì, ìyẹn ìkà tó gbọ́dọ̀ kú kí iná tó tàn.

Kí wọ́n wò ó kò tó, wọ́n tún kó o wálé. Gbàdàmọ́sí ló burú jù nínú wọn. Ó ń ya ẹsẹ̀ rìn bí ẹni eéwo so sí nítan, ó sì ń tu itọ́ gba àárín eyín sílẹ̀ kíláàsì. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà bọ́ bàtà kó lè gbọn yanrìn inú rẹ̀ dànù, ló bá fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ itọ́ náà.

"Gbàdà, kí lo tilẹ̀ rí nínú sinimá yẹn?"

"Áktọ̀ ni, mà! Ó pa gbogbo wọn tán!"

"Àwọn tó pa ńkọ́? Ta ló sin wọ́n? Kí lorúkọ ìyá wọn?"

Gbàdà wò ó tàánú-tàánú. "Ẹ̀yin náà, Tíṣà! Bọ́ọ́sì ni wọ́n kẹ̀. Wọn ò ní ìyá."

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí Tíṣà lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó pinnu pé òun máa dá ẹgbẹ́ awòran sílẹ̀ ní ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ náà lè rí sinimá tí èèyàn inú rẹ̀ ní ìyá. Àbúrò rẹ̀ kan wà ní Muṣin, Fọlárìn ayàwòrán. Fọlárìn ti fi kámẹ́rà kékeré kan ya fíìmù fúnra rẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ tó rán an, ìjọba ò sì bẹ̀ ẹ́. Ó kàn tẹ̀ lé agbépòó kan tó ń gbé garawa ìgbẹ́ kúrò nílé onílé, ó ya iṣẹ́ rẹ̀, ó ya ilé rẹ̀, ó parí. Fíìmù náà kò ní ohùn, kò sì ní ìbọn.

Tíṣà lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ Àlàájì Sùnmọ́nù, ẹlẹ́pákó tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Àkàrà ló ń jẹ.

"Àwòrán ta ni?"

"Agbépòó ni, bàbá."

Àlàájì rọra gbé àkàrà sílẹ̀. "Mọ́nsúrátù, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́? Àwọn òbí rán ọmọ wá kàwé, o fẹ́ fi ìgbẹ́ hàn wọ́n?"

"Èèyàn ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n, sà."

"Ó dáa. Èmi náà á wá. Bí wọ́n bá fi ariwo sọ ilé-ìwé yìí di ẹlẹ́yà, ẹgbẹ́ rẹ kú nìyẹn, ìwọ náà á sì lọ wá kíláàsì míì kọ́."

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, wọ́n fi ẹní dí fèrèsé, wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri. Ooru mú bí inú ààrò. Òórùn abíyá ń bá òórùn ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé du ipò. Iwájú ni Àlàájì jókòó sí, ó fi áńkáṣíìfù olóòórùn dídùn bo imú. Jẹnẹrétọ̀ tí Fọlárìn yá ń wúkọ́ níta bí arúgbó.

Àwòrán hàn. Ọ̀nà tóóró kan ni, gọ́tà kan, adìyẹ kan tó ń ṣa ohun tí kò yẹ kí n dárúkọ jẹ.

"Áktọ̀ dà?" Gbàdà ló kígbe.

"Adìyẹ ni áktọ̀!"

"Ẹ dá owó wa padà!" Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀.

Ọmọbìnrin kan ń ṣe bí ẹni fẹ́ bì. Gbogbo wọn di imú, wọ́n ń súfèé. Àlàájì yí ọrùn wo Tíṣà bí ẹni tó rí ìdin nínú ọbẹ̀. Tíṣà rí i pé iṣẹ́ òun ti bọ́.

Ìgbà náà ni agbépòó yọ ní òpin ọ̀nà tóóró náà, garawa lórí, aṣọ lójú kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, ó sì dojú kọ àwọn òǹwòran gbọnrangandan. Ó ń bọ̀, ó ń tóbi sí i.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ agbépòó. Bó bá ń kọjá nígbà náà, o ò gbọ́dọ̀ di imú, o ò gbọ́dọ̀ tutọ́, o ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Bó o bá dán an wò, ẹnu ọ̀nà ilé yín ni yóò da ẹrù rẹ̀ sí, kò sì sí ọlọ́pàá tí yóò bá ọ gbá a.

Kẹ́kẹ́ pa. Ọwọ́ gbogbo wọn kúrò nímú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó jókòó níwájú sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí ọ̀nà kọjá. Àlàájì ti áńkáṣíìfù bọ àpò, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Agbépòó dé ilé, ó tú aṣọ ojú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó kọ àbàjà. Ó fi ọṣẹ wẹ̀, ó tún wẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sáré wá. Ó na ọwọ́ sí i, ó tún fà á padà, ó kọ́kọ́ gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ kó tó gbé ọmọ. Ibẹ̀ ni fíìmù parí sí.

Tíṣà ká ẹní kúrò ní fèrèsé. "Ẹ̀yin ọmọ, kí lẹ rí?"

Gbàdà yọjú lábẹ́ bẹ́ńṣì. "Tíṣà, ṣé ó ti lọ?"

Àlàájì dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ńlá lo ṣe! Mi ò rí i rí kí àwọn ẹhànnà yìí dákẹ́. Kí ẹgbẹ́ máa bá a lọ. Máa fi agbépòó yìí dẹ́rù bà wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Àyè tí Tíṣà ń wá ló rí, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi fún un rí i lára. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, òun tó kórìíra itọ́, ó tutọ́ púà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí wọ́n jáde eré, ó gbọ́ igbe. Gbàdà gbé garawa lórí, ó fi aṣọ bo ojú, àwọn ọmọ ń sá fún un. Tíṣà fa pàṣán yọ, ó fẹ́ fi ẹgba yọ fíìmù lára rẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Gbàdà ti sọ garawa kalẹ̀, ó tú aṣọ ojú. Ọmọdé kan sáré bọ̀ wá bá a. Gbàdà na ọwọ́, ó fà á padà, ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ṣe bí ojú àgbàlagbà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú gbogbo wọn.

Pàṣán dúró lókè.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yà fún wa, a ò tíì ṣe é tán."

Tíṣà yà. Ìgbà náà ló wo inú garawa. "Gbàdà, kí lẹ bù síbẹ̀?"

"Ti ṣáláńgá ni, mà. Wọ́n ní kó jọ ti gidi."

Ẹ̀yìn ilé ni Tíṣà lọ bì sí. Nígbà tó fi máa nu ẹnu tán, ó ti ń ronú fíìmù tí yóò ní kí Fọlárìn yà tẹ̀ lé e: ti alágbàfọ̀ ni, kí ara ó lè mọ́.

Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, àfi ẹyọ kan. Àlàájì kò kí agbépòó inú fíìmù náà. Orí ló kàn tẹ̀ fún un.