Afárá Tí Kò Fẹ́ Oòrùn

Ọ̀rọ̀ tí Hannah gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọkọ rẹ̀, ìdajì rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ọlọ́kadà ló ni ín. Orí fóònù ni, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Èrèlé. Adéṣínà wà lẹ́yìn ọ̀kadà, ó ń bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ sílé ní Òdìgbó, atẹ́gùn sì ń pariwo lẹ́nu fóònù.

"Hannah, mo ti rà á o! Afárá yẹn, mo ti rà á. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó fọkàn balẹ̀... Ọ̀gá, rọra, ṣé ẹyẹ lo fẹ́ dà ni? Hannah, má tíì tẹ ẹ̀bà mi o, mi ò fẹ́ kó tutù. Ọ̀gá, kòtò! Kòtò ni mo ní!"

Ọlọ́kadà yẹ kòtò náà, ó sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé láìfarapa. Adéṣínà sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kí èémí rẹ̀ lè balẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ọkàn ni, àwọn dókítà ní. Kí Hannah tó ti ẹ̀yìnkùlé sáré dé ibẹ̀, ohùn náà ti lọ. Ọ̀rá dúdú tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà kò bọ́.

Àwọn tó wá kí i kú ọ̀fọ̀ bi í pé kí ni bàbá lọ rà. Hannah ní afárá ni. Wọ́n wo ara wọn. Odò wo ló wà nínú ọgbà wọn? Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ti fẹ́ gbé obìnrin náà lọ́kàn lọ, wọ́n sì fi ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ afárá ni lóòótọ́. Ilé méjì ló wà nínú ọgbà náà. Ilé iwájú sún mọ́ títì, àtẹ̀gùn méje ló ní, ibẹ̀ sì ni Pamílẹ́rìn, ọmọ wọn tó ń gbé Èkó, gbé ẹ̀rọ waifai sí, torí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dé. Ilé ẹ̀yìn ni Hannah àti Joanna ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé, torí orúnkún Joanna ti kọ àtẹ̀gùn sílẹ̀ pátápátá. Tẹlifíṣọ̀n ńlá wà lára ògiri níbẹ̀, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iwájú kì í rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí Adéṣínà rà ni ohun tó máa gbé e sọdá.

Àárín ilé méjèèjì ni àgbàlá wà, àti pẹpẹ tí wọ́n ń sá kòkó sí. Òrùlé páànù tó ní ẹsẹ̀ irin róbótó, tó ń yí lórí irin gbọọrọ méjì, ló wà lórí pẹpẹ náà. Bí oòrùn bá ràn, Hannah á fi ìbàdí tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí kòkó lè yá oòrùn. Bí òjò bá ṣú, á fà á padà bò ó. Obìnrin náà kò ka ìwé kọjá kíláàsì mẹ́ta, ojú ọ̀run ló kà yanjú. Àdúgbò kì í gbọ́ rédíò kí wọ́n tó palẹ̀ kòkó mọ́. Bí òrùlé Hannah bá ti ké kíìì lórí irin, oníkálùkù á sáré sí ti ara rẹ̀. Kò tíì ṣì í rí.

Oṣù mẹ́jọ ni ọ̀rá dúdú náà fi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oyin ló mú un jáde.

Oyin ni ọmọ kan ṣoṣo tí Joanna bí, ó bí i nígbà tí gbogbo ayé ti gbàgbé pé ó lè bímọ. Ó wà ní Ìlú Ọba, ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tó ṣègbéyàwó lọ́hùn-ún, ojú fóònù ni wọ́n ti fi han ìyá rẹ̀, ojú Joanna tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí lẹ́ẹ̀mejì sì rí nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń mì.

"Ìyàwó ni àbí ìṣáná?" ló bèèrè. Ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi jẹun dáadáa.

Oyin wá pè pé òun ń gboyè jáde ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, agogo méjìlá ọ̀sán, àti pé wọ́n máa fi hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Joanna ní òun kò wo ìṣáná mọ́. Ọmọ òun ni òun fẹ́ rí.

"Ìyá Oyin, ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ sílé iwájú," Hannah wí. "Ọkùnrin méjì ti tó. A ó gbé tẹlifíṣọ̀n tẹ̀ lé yín."

"Kí wọ́n gbé mi bí àpò kòkó? Kí gbogbo Òdìgbó máa wo yẹ̀rì mi? Gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá bá mi níbí. Ó fúyẹ́ jù mí lọ."

"Ẹ óò rí i ṣáá. Mo ṣèlérí."

"Ọkọ rẹ náà ṣèlérí."

"Ó rà á kó tó kú, àbí kò rà á?"

Hannah wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àpótí funfun méjì ló bá nínú ọ̀rá, ìkọ̀ọ̀kan tó bí ìwé orin ìjọ, pẹ̀lú wáyà tí wọ́n ká jọ, àti obì kan tí wọ́n ti gé jẹ. Ó wo ojú eyín lára obì náà, ó sunkún díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tẹ Rìlwánù láago.

Rìlwánù ló ta ẹrù náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Ọ̀rẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ewúrẹ́ alágídí sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Àbámẹ́ta náà ló dé. Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀, kòkó sì wà lábẹ́ òrùlé.

"Mama, èyí á wà lára ilé iwájú, á gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ẹ̀rọ Pamílẹ́rìn. Á jù ú sí ìkejì ẹ̀ níbí. Ìyẹn á wá fi wáyà gbé e wọ tẹlifíṣọ̀n. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń fẹ́ ni kí wọ́n máa rí ara wọn lójú."

"Bí ọkọ àti ìyàwó."

"Ọkọ àti ìyàwó mìíràn kì í fẹ́ rí ara wọn, Mama. Àwọn yìí ò gbọ́dọ̀ má rí ara wọn."

Ó bèèrè àkàbà kó lè gbé ti ilé ẹ̀yìn sókè lábẹ́ etí òrùlé ilé. Hannah ní rárá. "Gbé e síbi tọ́wọ́ mi á tó. Mo fẹ́ máa nù ún." Rìlwánù la ẹnu, ó wo aṣọ dúdú ọrùn rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Ó kàn án mọ́ ògiri ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò ga ju orí Hannah lọ. Àwọn iná wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ pọ́n díẹ̀, wọ́n rò ó, wọ́n sì di àwọ̀ ewé.

Ilé ẹ̀yìn di ọjà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, Joanna wo ìsìn ní ìlú mẹ́ta, ó wo ọkùnrin kan tó ń kọ́lé fún ajá, ó sì bá obìnrin òyìnbó kan jà tó ń se ẹja láìfọ̀ ọ́ tán.

Lọ́jọ́rú, oòrùn ràn. Kí ìrì òwúrọ̀ tó gbẹ, iná ti pọ́n, tẹlifíṣọ̀n ti dúdú.

"Mama, ẹ pa á, kí ẹ tàn án," Rìlwánù wí lórí fóònù.

"Mo ti pa á. Mo ti tàn án. Mo ti gbàdúrà sí i pàápàá."

Ó wá lọ́jọ́bọ̀. Ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni òjò ti ń já sí i lórí. Hannah fa òrùlé bo kòkó kíá, ó sì sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ẹ̀yìn. Iná aláwọ̀ ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò wọ́n bí ọmọ ilé ìwé tó mọ ìṣirò.

"Mama, kò sóhun tó ṣe é."

"Ó kú láàárọ̀ yìí! Ìyá Oyin ni ẹlẹ́rìí mi."

"Ó kú," Joanna wí, "mo sì ti sin ín."

Rìlwánù lọ. Oòrùn yọ. Ẹ̀rọ kú.

"Ìwọ ni ẹ̀rọ yìí ń bẹ̀rù," Joanna wí fún Rìlwánù lórí fóònù. "Fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́ ká so ó mọ́ ògiri. Ẹ̀rọ yín yìí dà bí bítúmẹ̀nì inú ilẹ̀ Agbabu. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ọjọ́ tó máa ṣiṣẹ́ ni a ò mọ̀."

Ohun tó rú Hannah lójú jù ni pé ní gbogbo ayé, òjò ló ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tiwọn nìkan ló ń jí sí òjò. Pamílẹ́rìn ní bóyá ooru ló ń mú un. Hannah bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Ó rọra ń fẹ́ ẹ, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń wo òun.

Àbámẹ́ta dé pẹ̀lú oòrùn tó lè yan iṣu. Láti aago mẹ́jọ ni Joanna ti wọ léèsì, ó ti wé gèlè, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n dúdú bí ẹni dúró de bíṣọ́ọ̀bù. Kò yọ Hannah lẹ́nu, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dun Hannah jù. Ìgbà tí Joanna bá dákẹ́ ni kí èèyàn máa bẹ̀rù.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀. Rìlwánù ní òun ti kúrò ní Ọ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tírélà kan ti dábùú ọ̀nà.

Hannah kò mọ ohun tó tún kù láti ṣe, ó bá mú àkísà, ó ń nu àpótí náà. Ó nu iwájú, ó nu ẹ̀gbẹ́. Ó fẹ́ nu eruku ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó bá yí ẹ̀yìn sí ògiri, ó gbé orí sábẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ibi tí ojú àpótí náà kọ sí. Ó wo ọ̀kánkán pé kí òun rí ìkejì rẹ̀ lára ilé iwájú.

Páànù ló rí.

Òrùlé kòkó tó fi ìbàdí tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárọ̀ ló dúró gbagidi láàárín wọn, ó ń dán yanran. Bí òjò bá ṣú, yóò padà sórí pẹpẹ, ojú ọ̀nà á sì là. Bí oòrùn bá ràn, yóò wá dúró síbí.

"Àwa la ń dí wọn lójú! Ìyá Oyin, òrùlé ni!"

"Òrùlé ṣe kí ni?"

Hannah ti dé ìdí pẹpẹ. Ibẹ̀ ló ti dúró. Kòkó tútù tuntun tí wọ́n dà síbẹ̀ lánàá ni, ọjọ́ kejì tó jáde nínú ewé tí wọ́n fi bò ó. Bí irú oòrùn yìí bá gbóná sórí páànù, kòkó á máa làágùn lábẹ́ rẹ̀, á bu. Iṣẹ́ ọdún kan ni. Ó wo kòkó. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rí etí gèlè Joanna tí kò mì.

Ó fa òrùlé. Ó ké kíìì.

Owólabí, aládùúgbò òdìkejì, ń mu gaàrí lọ́wọ́. Ó fò dìde. "Ìyá Pamílẹ́rìn ti fà á o!" Ariwo náà gba gbogbo àdúgbò bí iná ọyẹ́. Páànù ń ké láti ilé dé ilé. Wọ́n na tapólì bo kòkó. Hàlímọ̀ tó sá láfún sí ẹ̀gbẹ́ títì kó o tòun ti yanrìn. Ẹnì kan ká aṣọ tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Lókè, kò sí ìkùukùu tó tó àtẹ́lẹwọ́.

Iná di àwọ̀ ewé. Hannah sáré wọlé, ó bá gbọ̀ngán ńlá kan lójú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ aláṣọ dúdú ń tò lọ. Wọ́n wò títí, títí ọkùnrin kan fi pe orúkọ kan bí ẹni ń jẹ iṣu gbígbóná, Oyin sì jáde, ó tóbi bí ó ti tóbi gan-an, fìlà onígun mẹ́rin ní orí.

"Oyin! Ó ti sanra! Hannah, ó ti sanra! Ẹ jẹ́ kó rọra rìn, ẹ má lé e!" Joanna ti dìde. Orúnkún tó kọ àtẹ̀gùn sílẹ̀ gbé e dúró láìsí ọ̀pá. "Mo rí ojú ẹ̀. Mo rí eyín ẹ̀. Wo bàtà!"

Owólabí ló kọ́kọ́ wọlé, Hàlímọ̀ tẹ̀ lé e, láfún ní irun.

"Ìyá Pamílẹ́rìn, òjò dà?"

"Ẹ jókòó," Hannah wí. "Oyin ni."

Wọ́n gbé ìjà wá, wọ́n gbàgbé rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ òyìnbó tí wọn ò mọ̀ rí, wọ́n sì ń dá àwọn tí bàtà wọn ga jù lẹ́jọ́. Ìgbà tó parí ni Owólabí rántí.

"Ìyá mi, láti òní lọ, báwo la ó ṣe máa mọ̀? Bí ẹ bá fà á, ṣé òjò ni àbí Oyin?"

"Bó bá jẹ́ Oyin," Joanna wí, "ẹ óò gbọ́ ariwo mi."

Aago mẹ́ta kọjá kí Rìlwánù tó dé. Hannah ti ti òrùlé padà, ó ń fi ọwọ́ ro kòkó. Díẹ̀ ti bu, púpọ̀ ṣì dára. Rìlwánù gbọ́ ìtàn náà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní òun á ri òpó irin mọ́ ẹ̀yìn ilé, òun á gbé àpótí náà sókè kọjá òrùlé, òjò ni o, oòrùn ni o, wọn á máa rí ara wọn.

"Ọwọ́ mi ò ní tó o mọ́," Hannah wí.

"Kò ní tó o, Mama."

"Jẹ́ kí n rò ó."

Lọ́jọ́ Ajé Rìlwánù fi òpó náà ránṣẹ́ láti Ọ̀rẹ̀. Ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọn kò tíì rì í, Hannah ṣì ń nu àpótí náà láràárọ̀.