Obìnrin Tó Káwọ́ Lérí ní Oríta

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lórí ère náà, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà kan ló bú sẹ́kún láàárín èrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi sìmẹ́ńtì mọ ère, ẹnikẹ́ni ò sì sunkún rí nítorí ohun tí ọwọ́ mi mọ. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Alága ìgbìmọ̀ tó gbé iṣẹ́ fún mi ni inú ẹ̀ ò dùn.

Ìlaró ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Oníkìnnìún, nítorí àwọn kìnnìún tó máa ń mọ sórí òpó géètì. Àwọn èèyàn ní iṣẹ́ náà kì í ṣe ti obìnrin. Bàbá bi wọ́n pé, "Ṣé irùngbọ̀n ni wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì?" Kìnnìún àkọ́kọ́ tí mo dá mọ, onílé yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò mọ̀ pé ewúrẹ́ máa ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ò bá mi wí. Ó mú òòlù, ó fọ́ ọ dànù títí ó fi ku egungun ẹ̀ nìkan, ìyẹn irin àti wáyà tí a máa ń kọ́kọ́ so kí sìmẹ́ńtì lè rí nǹkan dì mú.

Ó ní, "Ojú lo tẹjú mọ́ jù. Ojú máa ń parọ́. Ọwọ́ ni kó o máa wò."

Láti ìgbà náà, kí n tó mọ ère èyíkéyìí, mo ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọwọ́ ẹ̀ máa wà.

Kí ìjọba tó ti bọ́dà pa ni ìlú kan lápá Ẹ̀gùá ti gbé iṣẹ́ ère oríta wọn fún mi. Wọ́n fẹ́ obìnrin ọlọ́jà tó gbé agbọ̀n rù, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń kí àlejò káàbọ̀. Ìgbà tí mo fi máa kó irin mi débẹ̀, àlejò wo? Ilé epo ti ta okùn dí ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń sọdá láti tajà jókòó síwájú ilé, wọ́n ń lé eṣinṣin.

Ilé Ìyá Rísí, tó ń ta gàrí, ni mo dé sí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ń gbé lódì kejì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, kò jìnnà rárá. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni ẹ̀gbọ́n náà kú. Ìyá Rísí fẹ́ lọ sin ín, àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà dá a padà níbi okùn tí wọ́n ta sí bọ́dà, tí a ń rí láti oríta. Ó padà wálé, ó dúró lójúde, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Mi ò rí ẹ̀rín kankan mọ́ ní ìlú yẹn. Ohun tí mo rí ni mo mọ, mo sì kọjú ẹ̀ sí ibi okùn náà.

Àṣìṣe mi ni pé mi ò fi han ìgbìmọ̀ kí ó tó gbẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnikẹ́ni kì í déédéé káwọ́ lérí. Ọmọdé tó bá ṣe é níbi eré, wọ́n á gbá ọwọ́ ẹ̀ kúrò, wọ́n á bi í bóyá ó fẹ́ pe òfò wọlé ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lórí ẹ̀, Alága bínú gan-an.

Ó ní, "Ìyá Oníère, ta ló kú ní ìlú yìí tẹ́ ẹ fi káwọ́ lérí fún wa?"

Ìyá Rísí dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi kú."

Alága ò wẹ̀yìn. Ó ní bí ọwọ́ náà ò bá kúrò lórí kó tó di Jímọ́, àwọn á wó gbogbo ẹ̀.

Ìlú pín sí méjì. Ẹnìkan da omi ìdọ̀tí sí ère náà lára, ẹlòmíì gbé kóńgò gàrí òfìfo sí i lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ kó irin mi lọ. Àmọ́ bí mo bá lọ, wọ́n á wó o, á wá dà bí ẹni pé ẹkún náà ò ṣẹlẹ̀ rí. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé òòlù lọ sí oríta.

Mo sọ fún Ìyá Rísí, tó ti jókòó síbẹ̀, pé mo fẹ́ gbé ọwọ́ náà wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó ní, "Kí n fọwọ́ lẹ́rán, kí n máa wò wọ́n?"

"Kí lẹ wá fẹ́ kó ṣe?"

"Mi ò fẹ́ kó sunkún mọ́. Mo ti sun tèmi tán."

Ó dìde, ó kọjú sí ibi okùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Mo ní kó má mira. Mo fọ́ apá ère náà láti èjìká, mo tẹ irin ẹ̀ wálẹ̀, mo po sìmẹ́ńtì tuntun, mo mọ ọ́n bó ṣe dúró gẹ́lẹ́.

Nígbà tí Alága dé ní Jímọ́, ó wo ọwọ́ náà títí.

Mo ní, "Ó ti kúrò lórí, sà."

"Ẹ yí ojú ẹ̀ sí ọ̀nà Ayétòrò nígbà náà, kó máa kí àlejò."

"Ó ti gan mọ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i, ẹ wá ẹni tó máa gbé e."

Kò sẹ́ni tó gbé e.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ okùn wá bá wa lábẹ́ ère náà. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni obìnrin yìí ń wò lára wa látàárọ̀?"

Ìyá Rísí ní, "Ó ń wo ọ̀nà tẹ́ ò jẹ́ kí n gbà lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n mi."

Ọkùnrin náà padà sídìí okùn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé àga wọn lọ sẹ́yìn igi, níbi tí ojú ère náà ò ti kàn wọ́n. Bọ́dà ṣì wà ní títì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣọ́ ọ ló kọ́kọ́ sún.