Ojú Tí Gúnrégé Fi Ń Wo Ògiri

Bíríkìlà ni ọkọ mi. Gúnrégé ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí bó bá ti di ojú òsì, tó fi ojú ọ̀tún wo ògiri, kò sí bulọ́ọ̀kù tó wọ́ tó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ogójì ọdún ló fi ṣe é nínú oòrùn, kì í dé fìlà. Ìpéǹpéjú ọ̀tún yẹn gan-an ni kókó kan wá yọ sí. Ó ní eruku sìmẹ́ǹtì ni. Oṣù mẹ́fà ni mo fi bá a jà kó tó tẹ̀ lé mi délé ìwòsàn.

Jẹjẹrẹ awọ ara ni. Dókítà, obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ní bí òun bá gé e bó ṣe wà yẹn, ojú á bá a lọ. Ojú tí a fi ń jẹun nílé wa! Ó ní kó kọ́kọ́ lo oògùn, hóró kan lójúmọ́, kí kókó náà lè súnkì, lẹ́yìn náà kí òun wá fi abẹ mú ìyókù kúrò.

Oògùn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó da ilé rú.

"Iyọ̀ dà nínú ọbẹ̀ yìí?" Gúnrégé bi mí.

Èmi! Èmi tí mo ti ń sebẹ̀ kí wọ́n tó bí dókítà! Mo fi ìbínú da iyọ̀ sí i, àwọn ọmọ ò lè gbé e mì. Ìgbà tí dókítà ní oògùn náà máa ń gba adùn lẹ́nu èèyàn ni inú mi tó rọ̀. Iṣan ẹsẹ̀ tún ń fà á, irun orí rẹ̀ ń já. Ó ń lò ó bẹ́ẹ̀, mo ń ṣọ́ ọ.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, kókó pòórá. Gúnrégé fi téèpù wọn ibẹ̀.

"Iṣẹ́ parí. Kí ni wọ́n tún fẹ́ gé?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo fà á lọ bá dókítà.

"Bàbá, bí ògiri bá sán, tí bíríkìlà kan fi ọ̀dà bò ó ńkọ́?"

"Jìbìtì ló lù yẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu ara yín ní jìbìtì."

Gúnrégé gba bírò. Ó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ.

Díẹ̀ péré ni wọ́n gé. Wọ́n yẹ etí ibi tí wọ́n gé wò, jẹjẹrẹ ò ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, mo jókòó síwájú rẹ̀. Ojú ọ̀tún là, ó pọ́n, ó ń ṣomi. Ó wò mí títí.

"Ìyá yìí, ewú ti pọ̀ létí gèlè ẹ tó báyìí!"

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ì bá gbọ́ tèmi. Ẹkún ayọ̀ gbọ̀n mí. Mo tú gèlè, mo tẹrí sún mọ́ ọn.

"Ẹ kà á," mo ní. "Ẹ má fo ẹyọ kan."