Ẹnu Felicia Lórí Pẹpẹ

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Pásítọ̀ Adétòkunbọ̀. Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi kọrin fún un tó fi sùn, Yorùbá ló sì fi ń bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ jà nígbà tí wọ́n bá da omi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Ailegun l'Ékòó. Ṣùgbọ́n bó bá ti gun orí pẹpẹ báyìí, gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n ní ìjọ tí kì í fi gẹ̀ẹ́sì wàásù kì í tètè gbèrú. Ẹ sì wo àwọn tó ń wàásù fún o: àwọn ìyá àti bàbá láti Èkìtì àti Oǹdó, tí wọ́n wá bá ọmọ wọn gbé l'Ékòó, tí gẹ̀ẹ́sì wọn kò kọjá "gúdù mọ́nìn". Ìdí nìyẹn tí ìjọ náà fi nílò ògbufọ̀, ìdí nìyẹn náà tí Felicia fi di ẹni ńlá níbẹ̀.

Tíṣà ni Felicia ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan l'Ájàó Estate. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni, ìyàwó Kọ́lá tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ìyá Ṣemílọ́rẹ. Lọ́jọ́ Ajé títí di Ẹtì, kò sẹ́ni tó ń ṣú já a. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ wá wò ó! Bí Pásítọ̀ bá fò, á fò. Bí Pásítọ̀ bá gbá pẹpẹ, á gbá a. Kì í sọ pé "Pásítọ̀ ní", nítorí ògbufọ̀ tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á ní kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí Pásítọ̀ bá ní òun rí ìran, Felicia á pariwo pé, "Mo rí ìran!" Ọ̀rọ̀ tó bá sì jáde lẹ́nu Pásítọ̀ ní tútù, gbígbóná ló máa ń ti ẹnu Felicia jáde. Ó mọ iyọ̀ tó yẹ kó fi sí i, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ̀ ń bá a gbé. Màmá Ìkẹ́rẹ́ ni gbogbo ìjọ ń pè é. Àga iwájú ló máa ń jókòó sí, kì í sì í wo Pásítọ̀ rárá, ẹnu ọmọ rẹ̀ ló máa ń wò. Bí wọ́n bá délé, á ní, "Felicia, ìwàásù rẹ wọ̀ mí lára lónìí." Felicia á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ jiyàn nígbà tó ń yìn ín?

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Pásítọ̀ wàásù lórí obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ná gbogbo owó rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn tí kò sì sàn. Pásítọ̀ sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì pé àwọn kan wà láàárín wa tó yẹ kí wọ́n tú ọwọ́ wọn kúrò lára ohun tí wọ́n dì mú, kí Ọlọ́run lè rí ọwọ́ wọn dì mú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ara Felicia ti gbóná, ìjọ ti dìde dúró. Ló bá la ẹnu: "Ẹ̀yin tí ẹ ń kó oògùn sábẹ́ ìrọ̀rí, mo ní kí ẹ dà á nù lónìí! Ọlọ́run kì í bá dókítà pín ògo!"

Ariwo sọ. Àwọn ìyá ju gèlè sókè. Pásítọ̀ alára yíjú wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó sì ń bá ìwàásù lọ. Wọ́n ní òkò tí a bá sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Màmá Ìkẹ́rẹ́ ṣubú nínú balùwẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wúwo, kò lè pe orúkọ Ṣemílọ́rẹ já geere. Kọ́lá gbé e pọ̀n sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ọsibítù. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó sì béèrè bóyá màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ déédéé. Felicia fẹ́ fèsì pé lójoojúmọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ, ó fi ẹnu wúwo yẹn sọ ọ́ pẹ̀lú ìyangàn.

"Mo ti dà á nù. Láti ọjọ́ tí ọmọ mi yìí ti ní ká dà á nù."

Nọ́ọ̀sì wo Felicia láti òkè délẹ̀. Ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀ débi pé ògiri ló kọjú sí. Dókítà wá, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: Ọlọ́run yọ màmá lọ́tẹ̀ yìí, bó bá tún ṣẹlẹ̀, ó lè rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ó sì lè máà dìde mọ́.

Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ẹnu náà fúyẹ́, wọ́n sì padà sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Felicia gbé oògùn wá, ìyá rẹ̀ pa ẹnu dé. Felicia jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣí Bíbélì. Ó fi hàn án pé kò síbi tí wọ́n ti ní kí obìnrin náà da oògùn nù. Ó fi hàn án pé Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀, àti pé dókítà ni Lúùkù.

"Mo gbọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ìdí bẹ́ẹ̀dì lo ti ń sọ èyí. Orí pẹpẹ lo ti sọ tọjọ́sí, ibẹ̀ sì ni Ẹ̀mí ti ń bà lé ọ. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, lọ sọ ọ́ níbẹ̀."

Felicia tọ Pásítọ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun tún ọ̀rọ̀ náà ṣe níwájú ìjọ.

"Sístà Felicia," ni Pásítọ̀ wí, "ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n da oògùn nù? Mo ní kí wọ́n let go ni. Ẹ̀yin lẹ fi oògùn sí i."

"Ẹ rẹ́rìn-ín, sà. Ẹ sì mi orí."

Pásítọ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú o. Òun ló gbé ọsàn àti ápù lọ fún màmá ní ọsibítù. "Àwọn èèyàn ti jẹ́rìí lórí ìwàásù yẹn," ló wá wí. "Bí mo bá yí i padà báyìí, wọ́n á máa béèrè ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ mú Màmá wá, a máa fòróró yàn wọ́n."

Felicia dìde. Ẹ̀rù ń bà á, inú sì ń bí i, kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti fọ́. Ìyá rẹ̀ nìkan kọ́ ló sì gbọ́ ọ. Gbogbo àwọn àgbàlagbà tó wà lórí àga iwájú ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó gun orí pẹpẹ bí ìṣe rẹ̀. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbọ́ tí kì í wẹ̀yìn. Felicia túmọ̀ gbólóhùn kan, ó túmọ̀ ìkejì. Ní ìkẹta, ó dákẹ́. Pásítọ̀ tún un sọ, ó rò pé kò gbọ́ ni.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi," ni Felicia wí. "Pásítọ̀ kọ́ ló sọ èyí. Èmi Felicia ni. Ọ̀rọ̀ oògùn tọjọ́sí, èmi ni mo fi kún un, kò sí nínú Bíbélì. Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sídìí oògùn yín."

Pásítọ̀ kò sì nílò ògbufọ̀ kankan láti gbọ́ ọ.

"Sístà Felicia," ló wí, ní Yorùbá, "ẹ fún mi ní máìkì yẹn. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó jókòó nítòsí sún ẹsẹ̀ wọn fún un bí ẹni ń yà fún aláìsàn. Pásítọ̀ sì wàásù èyí tó kù ní Yorùbá gidi, Yorùbá Ìjẹ̀bú tó dán mọ́rán, pẹ̀lú òwe. Ó ní ọ̀tá lè lo ẹnikẹ́ni, kódà ẹni tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àwọn ìyá ń ké "Àmín", ẹnu sì ń yà wọ́n pé ó gbọ́ Yorùbá tó báyìí.

Nígbà tí wọ́n délé, Felicia bu omi, ó fi oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e tọ ìyá rẹ̀ lọ. "Màámi, mo ti sọ ọ́ níbẹ̀."

"Mo gbọ́ ọ." Ìyá rẹ̀ kò na ọwọ́. "Felicia, lọ́jọ́ tí o ní ká da oògùn nù, ṣé wọ́n ní kí o sọ̀kalẹ̀?"

Omijé bọ́ lójú Felicia. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́, ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀.

"Má sunkún mọ́. Mo lè lò ó nítorí tìẹ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ̀ pé n kò gbà á gbọ́. Bí mo bá lò ó, ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá yẹn. Ṣé o fẹ́ kí n dẹ́ṣẹ̀ ni?"

Ẹni tó ti ń fi ẹnu rẹ̀ kó èèyàn wá sọ́dọ̀ Ọlọ́run láti ọjọ́ yìí wá, òun ni wọ́n wá ń bi bẹ́ẹ̀! Felicia wo ìyá rẹ̀, ó wo oògùn náà.

"Ẹ dẹ́ṣẹ̀ náà, Màámi," ló wí. "Kó wà lọ́rùn mi."

Màmá Ìkẹ́rẹ́ la ẹnu, ó gba oògùn, ó fi omi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó di ojú, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn méjèèjì.