Ìwo Mẹ́jọ Lẹ́yìn Bàbá Mi

Ọjọ́ tí bàbá mi lọ fa ìwo ní Ọ̀rẹ̀ kò lè kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ oko kòkó ti ba ẹ̀yìn wọn jẹ́, ṣùgbọ́n ìyá wọn, Màmá àgbà, tó jẹ́ Ìyá Àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò gba ìwòsàn kankan àfi omi àdúrà. A yọ́ lọ. Obìnrin kan fi ìwo màlúù mẹ́jọ fa ẹ̀yìn bàbá títí ara fi tù wọ́n.

A délé, bàbá bọ́ṣọ, wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n sùn lọ. Màmá àgbà wọlé, wọ́n rí àmì róbótó mẹ́jọ.

"Ayé ti ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi."

Kí n tó lanu, wọ́n ti da odidi kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà lé bàbá lẹ́yìn. Bàbá fò sókè, wọ́n jẹ́wọ́. Mo dúró de ìbínú. Màmá àgbà kàn rọra fọwọ́ pa orúnkún tiwọn tó ń dùn wọ́n.

"Ṣé obìnrin yẹn máa ń wà níbẹ̀ ní Sátidé?"